Bí Àgbà Bá Ṣubú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtumọ̀ tí a máa ń fún òwe yìí ni pé ọmọdé a máa wo iwájú bóyá yóò rí ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà a sì máa wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tí ó gbé e ṣubú. Ìtumọ̀ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí àgbà tí ó ṣubú ní gbangba ọjà rí yóò jẹ́rìí sí i pé nǹkan mìíràn tún wà tí àgbà ń wá lẹ́yìn. Ó ń wò ó bóyá ẹnikẹ́ni rí òun. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àgbà mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí ibi tí yóò ti máa ṣubú lójú ọmọdé, kí ó sì tún fi owó ara rẹ̀ san án?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlọ́ ni mo ń pa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí ìgbà òtútù bá ti dé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọn a mú owó tí wọ́n ti fi pamọ́, wọn a sì gba orí òkè Alps lọ láti lọ ṣe eré tí wọ́n ń pè ní síkì. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì bí pákó ni wọ́n ń so mọ́ bàtà líle, tí wọn yóò sì máa yọ̀ bọ̀rọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ lórí òjò dídì, òjò dídì tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju inú Bíbélì lọ. Orúkọ eré náà pàápàá, inú èdè àtijọ́ àwọn ará Nọ́wè ni ó ti wá. Igi tí a là ni ó túmọ̀ sí. Àwọn ọdẹ àti arìnrìn-àjò ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ń lò ó kí ẹsẹ̀ wọn má baà rì. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni ó di eré ìgbádùn.

Kí ló wá kan ará Àgbárá nínú èyí? Ó kàn án ju bí ó ti rò lọ. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni Olóyè Adéyẹmí Lawson bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ibùdó ilé-iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ ni Nestlé, èyí tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Vevey ní Swítsàlandì, ní etí adágún omi kan tí òkè Alps wà nítòsí rẹ̀. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ìkọ́ṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà dá sílẹ̀ ní Àgbárá, a ti rí àwọn tí wọ́n ta yọ tí wọ́n lọ fi kún ẹ̀kọ́ wọn ní Swítsàlandì. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó ti Àgbárá lọ sí orí òjò dídì kò jìn tó bí ojú ti ń wò ó.

Síbẹ̀, lójú òṣìṣẹ́ Àgbárá, ìsinmi ọdọọdún kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣubú. Oorun ni. Ìrìn àjò lọ sí ìlú ẹni ni, láti lọ kí ìyá, láti lọ wo bí ilé tí à ń kọ́ ṣe ga dé. Bí a bá sọ fún un pé ọ̀gá kan, tí ó ti pé àádọ́ta ọdún, lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan láti máa yí gbirigbiri nínú òtútù, yóò bi wá léèrè bóyá ara ọ̀gá náà dá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀gá náà ń kọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọn kì í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní eré sísá. Bí a ti ń ṣubú ni wọ́n ń kọ́ ọ: kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kọ́ ọ bí a ti ń dìde: kí ó fi pákó méjèèjì dábùú òkè kí ó tó nàró, nítorí bí ẹnu pákó bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ìdìde rẹ̀ yóò di ìṣubú mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ti dídúró: kí ó mú orí pákó méjèèjì súnmọ́ ara wọn, kí ó sì ti ìdí wọn jìnnà síra bí orí ọfà. Bí ó ti ń làágùn lórí èyí ni àwọn ọmọ ọdún márùn-ún yóò máa yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹja nínú omi.

Kí ni ọmọdé ní tí àgbà kò ní? Kì í ṣe agbára, kì í ṣe ọgbọ́n. Bí àgbà bá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà níwájú, ẹ̀rù yóò sọ fún un pé kí ó fà sẹ́yìn. Bí ó bá sì ti fà sẹ́yìn, ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò kúrò ní iwájú pákó, pákó kò ní í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, yóò máa sá lọ. Ohun tí ó ṣe láti gba ara rẹ̀ là ni yóò gbé e ṣubú. Ẹni tí ó bá fẹ́ darí pákó náà gbọ́dọ̀ tẹ ara síwájú, sí ìhà ibi tí ó ń bà á lẹ́rù gan-an. Ọmọdé a máa tẹ̀ síwájú láìronú. Ẹ ò rí i pé òwe wa ti dé orí òkè Alps ṣáájú wa: ọmọdé ń wo iwájú, àgbà ń wo ẹ̀yìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwàdà nìyí, pé àgbà kì í fi ikú ṣeré. Òótọ́ ni pé eré náà léwu. Michael Schumacher, ará Jámánì tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà méje nínú eré fífi ọkọ̀ sáré, síkì ni ó ń ṣe ní orí òkè kan ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 tí ó fi forí sọ àpáta, ó sì fara pa gidigidi. Ẹni tí ó bá tìtorí èyí jókòó sílé kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: ṣé ewu ni àgbà wa ń sá fún? Ẹni tí ó ń gun ọ̀kadà lójú títì márosẹ̀ láìdé àṣíborí, kò lè sọ pé ewu ni kò jẹ́ kí òun kọ́ nǹkan tuntun. Ìtìjú ni.

Àwọn mìíràn yóò tún ní ọ̀wọ̀ àgbà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, pé àgbà tí ó bá sọ ara rẹ̀ di ẹni yẹ̀yẹ́ ti ba ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, nítorí ẹni tí ó bá wọ ẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Àríyànjiyàn yìí wúwo, n kò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ orí kí ni ọ̀wọ̀ náà dúró lé? Bí ó bá jẹ́ pé orí ìmọ̀ ni, a jẹ́ pé kíkọ́ ohun tí a kò mọ̀ kò lè bà á jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí pé ẹnikẹ́ni kò rí i rí kí ó má mọ nǹkan ni, a jẹ́ pé àgbà náà yóò máa díbọ́n títí ayé ni. Ìdíbọ́n a sì máa náni lówó. Ní ibi tí ẹ̀rọ bá wà, ọ̀gá tí ojú ń tì láti sọ pé òun kò mọ bí ẹ̀rọ tuntun ti ń ṣiṣẹ́ lè mú kí ìka ọmọ ẹni ẹlẹ́ni gé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Símidélé Adéàgbo. Eléré ìje tí ó ń fò fẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó ti fi eré náà sílẹ̀ ní 2008. Ní 2017, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 36, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré kan tí a ń dojú bolẹ̀ lórí páálí irin kékeré, tí orí ṣáájú, tí a sì ń sáré lórí yìnyín. Kò tó ọdún kan tí ó fi ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Olympic ìgbà òtútù ní Pyeongchang, ní Kòríà Gúúsù, ní oṣù Kejì ọdún 2018. Nínú àwọn obìnrin ogún tí wọ́n díje, ipò ogún ni ó wà. Ṣùgbọ́n òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó dé ibẹ̀ nínú eré náà. Kwame Nkrumah-Acheampong ti ilẹ̀ Gánà ńkọ́? Ó ti dàgbà kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan síkì nínú gbọ̀ngàn kan ní Milton Keynes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ agbàlejò. Ní Vancouver, ní ọdún 2010, èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ni kò parí. Òun parí tirẹ̀.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ àwa tí à ń wòran. Ní Nagano, ní Japan, ní ọdún 1998, Philip Boit, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́nyà, díje nínú eré síkì oníkìlómítà mẹ́wàá. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí ó kọ́kọ́ fojú rí òjò dídì. Òun ni ó gbẹ̀yìn pátápátá. Bjørn Dæhlie, ará Nọ́wè tí ó gba ipò kìn-ín-ní, kò lọ. Ó dúró ní òpin eré de ẹni tí ó gbẹ̀yìn, ó sì dì mọ́ ọn nígbà tí ó dé. Nígbà tí Boit bí ọmọkùnrin, Daehlie ni ó sọ ọ́. Ẹ fi ìwà yìí wé ẹ̀rín tí a máa ń fi ṣe àgbà tí ó bá ṣubú. Bí àgbà bá ń wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ó rí òun, àwa tí a ń rẹ́rìn-ín ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kò di dandan kí ará Àgbárá gun òkè Alps. Owó ìrìnnà nìkan lè tó kí ó fi parí òrùlé ilé. Àmọ́ òkè tirẹ̀ wà nítòsí. Ó wà nídìí ẹ̀rọ tuntun tí ọmọbìnrin ẹni ọdún méjìlélógún mọ̀ tí ọ̀gá kò mọ̀. Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, níbi tí bàbá àgbà ti ń fi ọwọ́ gbígbọ̀n kọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá gun irú òkè bẹ́ẹ̀ tẹ ara síwájú. Bí ó bá ṣubú, kí ó wẹ̀yìn lóòótọ́, kí ó wá ohun tí ó kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Kí ó má wá ojú ènìyàn. Àwa tí a dúró ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ jẹ́ kí a dúró dè é.