Ọmọ Tó Mọ Ọwọ́ Wẹ̀

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Àwọn ọmọ tó ń ka ìmọ̀ òfin ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Akọka àti ní Ọ̀jọ́ ni mo fẹ́ pa òwe yìí fún, àwọn tó ń wá àyè ìkọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ńláńlá ní Marina, Ìkòyí àti Victoria Island. Ọdún márùn-ún ni ẹni tó wọlé láti ilé ẹ̀kọ́ girama ń lò ní yunifásítì kó tó lọ sí Law School. Law School fúnra rẹ̀ yóò rán an lọ sí kóòtù àti sí ọ́fíìsì lọ́yà. Dandan ni ìyẹn. Ti ìgbà ìsinmi kò ní dandan nínú. Ẹni tó bá wá a, òun ló fẹ́, ìdí sì nìyẹn tí lẹ́tà tó fi wá a fi ń sọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, lẹ́tà kò sì lójú. Ẹni tó ń kà á kò rí ẹ̀rín rẹ, kò gbọ́ ohùn rẹ, kò mọ̀ bóyá o dọ̀bálẹ̀ tàbí o kúnlẹ̀ kí o tó lanu. Ohun tó wà lórí ìwé nìkan ló rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ lọ́yà: inú yàrá tí o kò sí ni adájọ́ yóò ti ka ohun tí o kọ. Lójú tèmi, lẹ́tà yìí ni iṣẹ́ òfin àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fún ọ́fíìsì náà, kó tó mọ ẹnu ọ̀nà wọn rárá.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ọ́fíìsì lọ́yà kì í ṣe bákan náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kóòtù ni wọ́n ń jí lọ. Àwọn mìíràn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kóòtù. Ìwé àdéhùn owó tí báńkì ń yá iléeṣẹ́ epo ni wọ́n ń kọ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹni tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, tó wá ń pààrọ̀ orúkọ lórí rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò wo ilé kankan. Nígbà mìíràn, orúkọ ọ́fíìsì kìíní a ṣẹ́ kù sínú lẹ́tà ọ́fíìsì kejì. Wọn a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò sì rí ẹ̀bi wọn.

Ká ní ọ́fíìsì kan lórúkọ nínú arbitration, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà yan ẹni tí yóò dá ẹjọ́ wọn láìdé kóòtù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé pé òun nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà gidigidi, ó sì tọ́ka sí òfin ọdún 1988 tó bá nínú ìwé àtijọ́. Àwọn tó ń ka lẹ́tà rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti fagi lé òfin yẹn ní ọdún 2023, nígbà tí Arbitration and Mediation Act gba ipò rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ti tú àṣírí rẹ̀: kò tíì bá ìfẹ́ tó ń sọ dé ibi tí iṣẹ́ náà wà lónìí. Ẹlòmíràn lè má ka ju apá kan lọ nínú òfin tuntun náà. Ó wá kọ ọ́ pé òun rí i níbẹ̀ pé ẹni tí kò sí nínú ìjà lè náwó sí ẹjọ́ oníjà, pé ọ̀rọ̀ náà ń kọ òun lóminú, òun sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo oníbàárà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni yìí ni kí wọ́n pè wọlé.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò sí ọ́fíìsì tó ń retí àkísà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, síbẹ̀ àkísà àyálò ló kún inú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí: akíkanjú ni mí, aṣáájú ni mí láti kékeré, mo mọ bí a ti ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Mú ohun kan tí o ṣe, kí o sọ ọ́ tán. Tí o bá ti ṣe agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ àfidánrawò tí wọ́n ń pè ní moot, sọ ẹni tí o dúró fún, sọ ìbéèrè adájọ́ tí kò jẹ́ kí o rí ọ̀rọ̀ sọ, àti ohun tí o lọ kà nígbà tí o délé. Tí o bá ń bá ìyá rẹ tajà ní Bódìjà nígbà ìsinmi, tó jẹ́ ìwọ lo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú ìwé, iṣẹ́ gidi ni ìyẹn, ó sì sún mọ́ òfin ju bí o ti rò lọ: ta ló jẹ, èló ló jẹ, ọjọ́ wo ló ní òun yóò san án, ta ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni àṣìṣe kékeré lórí ìwé já mọ́. Nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà sọ pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ ọ́fíìsì buwọ́ lù, dípò orúkọ lọ́yà kan pàtó, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò nìkan ni òfin mọ̀. Ìbuwọ́lùwé lásán! Oníbàárà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni irú rẹ̀ ń dùn jù. Ẹni tó ṣi orúkọ ẹni tó ń kọ̀wé sí kọ lónìí, orúkọ ta ni yóò ṣì kọ lórí ìwé ilẹ̀ ẹlẹ́ni lọ́la? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà kò ju kó ṣe ẹ̀dà ìwé, kó sì wá ẹjọ́ àtijọ́ jáde, wọ́n sì fẹ́ rí i nínú lẹ́tà rẹ̀ pé kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí bàbá wọn yóò kàn gbé fóònù, tí àyè yóò sì ṣí sílẹ̀. Kò dára, kò sì yẹ kí a máa bò ó. Àyè kéré, àwọn tó ń béèrè pọ̀, ẹni tó kọ lẹ́tà tó péye pàápàá lè má gbọ́ èsì. Kí ó rántí pé apá 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé gbangba ni kí kóòtù ti máa gbọ́ ẹjọ́. Kí ó wọ aṣọ tó mọ́, kó lọ sí kóòtù Ìyágankú ní Ìbàdàn tàbí kóòtù gíga ní Ìkẹjà, kó pa fóònù rẹ̀, kó jókòó sẹ́yìn, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí lọ́yà béèrè, bí ẹlẹ́rìí ṣe dáhùn, ìdí tí adájọ́ fi sún ẹjọ́ síwájú. Kó tún padà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n sún un sí.