Ẹni Tó Fẹsẹ̀ Rìn Lọ Gbọ́ Orin

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 28:10–17, 1 Tímótì 6:17

Ní apá ìparí ọdún 1705, ọmọ ogún ọdún kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Arnstadt, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Jámánì, tọrọ àyè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn alákòóso ìjọ. Lübeck ló ń lọ, ìlú àwọn oníṣòwò tó ń ṣàkóso ara rẹ̀ nígbà náà, ní àríwá lọ́hùn-ún. Ọ̀nà náà tó 400 kìlómítà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Johann Sebastian Bach lorúkọ rẹ̀, kò sì wá nǹkan mìíràn lọ ju kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ Dieterich Buxtehude, àgbà atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì Marienkirche.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Bí o kò bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọrin, o ò gbọ́ ọ nìyẹn. Buxtehude a máa gbé orin àṣálẹ́ kalẹ̀ láwọn ọjọ́ Ìsinmi kan ṣáájú Kérésìmesì. Àwọn oníṣòwò ìlú ló ń náwó sí i, ọ̀fẹ́ sì ni fún ará ìlú. Lọ́jọ́ 2 àti 3 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ṣe orin ńlá méjì, ọ̀kan fún olú-ọba Leopold tó wàjà, ọ̀kan fún Joseph tó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin Bach wá di bí oṣù mẹ́rin. Nígbà tó padà dé, wọ́n pè é, wọ́n bá a wí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni da àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ebi tó lé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jáde nílé. Buxtehude kú ní oṣù Karùn-ún 1707. Ká ní Bach fi ìrìn àjò náà sílẹ̀ di ọdún méjì sí i ni, ibojì ni ì bá bá. Dùùrù ńlá Marienkirche pàápàá kò sí mọ́. Bọ́ǹbù sun ún ní oṣù Kẹta 1942, àwọn agogo tó já lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ dòní, ní fífọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dá rìnrìn àjò lọ sókè òkun, fún ẹ̀kọ́, fún ìpàdé iṣẹ́, fún ìtọ́jú ara. Iṣẹ́ ọjọ́ á parí, a ó wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì, a ó tilẹ̀kùn, a ó tan fóònù. Orin ń lọ ní òpópónà kejì, eré ń lọ lórí ìtàgé, àwa ní, “Ta ni mo fẹ́ bá lọ?” Nílé wa, ẹni tó bá dá lọ sóde dà bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Ìtìjú yẹn ń bá wa wọkọ̀ òfuurufú. Èyí tó tún wọ̀ wá lọ́kàn jù ú lọ ni èrò pé ìgbádùn tí a dá jẹ, ìwà anìkànjọpọ́n ni, inú Ọlọ́run kò lè dùn sí i.

Wo Jákọ́bù. Òun nìkan ló jáde nílé, òkúta ló fi ṣe ìrọ̀rí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀run ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ọlọ́run kò dúró kí ẹbí pé kó tó fi ara hàn án. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù náà sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀, kò ní kí wọ́n kórìíra ìgbádùn. Ó darí ojú wọn sí Ẹni tó ń fúnni.

Ibi tí èèyàn lè dá lọ kò wọ́n. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Thomaskirche ní ìlú Leipzig, ní Jámánì, níbi tí Bach ti ṣiṣẹ́ láti 1723 títí ó fi kú ní 1750, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1212 ṣì ń kọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí kò bá ti sí ọlidé. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó jókòó tì ọ́ lè má gbọ́ èdè rẹ. Nígbà tí ohùn àwọn ọmọ náà bá gòkè, ẹ ò tí ì kí ara yín, ẹ ti jọ wà níwájú Ọlọ́run kan náà.

Ní Oberammergau, abúlé kan ní gúúsù Jámánì, àjàkálẹ̀ àrùn mú kí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ ní 1633 pé àwọn yóò máa ṣe eré ìjìyà Jésù. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Kòrónà sún ti 2020 sí 2022. Ti 2030 ló kàn. Ará abúlé ni àwọn òṣèré náà. Ẹni tó ta búrẹ́dì fún ọ láàárọ̀ lè di Pétérù lọ́sàn-án.

Nítorí náà, bí o bá dá wà ní ìlú onílùú, bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn máa gbéra, sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹnì kan nílé, ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan, kí o sì lọ.

Àdúrà: Olúwa, rántí ẹni tó dá jókòó sí yàrá àjèjì lálẹ́ òní. Mú ìtìjú kúrò lójú rẹ̀, là á létí, kí o sì mú un padà sílé láyọ̀. Àmín.