Ẹsẹ̀ Ni Ó Ni Bàtà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ máa ń parí. Mo ti gbọ́ òwe náà níbi tí a ti ń parí ìjà tọkọtaya, mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé ẹbí, mo sì ti gbọ́ ọ láàárín àwa olùkọ́ ní yunifásítì. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó ṣe bàtà náà, ẹsẹ̀ ta ni ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe é? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, n kò sì ní fi mọ sórí òwe nìkan. Bàtà gan-an ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, àní bàtà eré ìdárayá ti obìnrin, èyí tí a ń pè ní kánfáàsì, bí a ṣe ń rí i rà ní ìsọ̀ àti ọjà wa.

Ó lè ya òǹkàwé kan lẹ́nu pé irú nǹkan kékeré báyìí ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ ìwà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré lójú Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé ẹsẹ̀ wà lára àwọn ohun tí ó pilẹ̀ ẹ̀dá ènìyàn. Bí orí ẹni tilẹ̀ dára, tí ẹsẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ire tí orí yàn kò lè tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nínú àdúrà wa pẹ̀lú, a máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á má fi ẹsẹ̀ kọ. Ohun tí a fi ń bo irú ohun iyebíye bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ eré.

Kí á tó rán bàtà, igi tàbí ike tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń ní. Ara rẹ̀ ni a ó na awọ tàbí aṣọ bàtà mọ́. Bí igi náà bá ti rí ni bàtà yóò rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ọkùnrin ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun fi ń ṣe bàtà eré ìdárayá. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ti obìnrin, wọn a dín igi náà kù, wọn a fi àwọ̀ píǹkì kún un, ó parí. Ọdún 1982 ni Reebok gbé bàtà Freestyle jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí bàtà eré ìdárayá àkọ́kọ́ tí a dìídì ṣe fún obìnrin tí ó sì gbajúmọ̀. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Wunderlich àti Cavanagh, tẹ ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ẹsẹ̀ ènìyàn 784. Wọ́n fi hàn pé ẹsẹ̀ obìnrin kì í ṣe ẹsẹ̀ ọkùnrin tí a dín kù: àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó kòtò, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, àtàǹpàkò àti ibi tí iwájú ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, gbogbo wọn ni ó yàtọ̀.

Ọ̀ràn nọ́ńbà tún wà níbẹ̀. Nọ́ńbà bàtà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a jogún, gígùn nìkan ni ó ń wọ̀n. Ìdá kan nínú mẹ́ta íǹṣì ni ó wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì. Kò sọ ohunkóhun nípa fífẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà ni wọ́n fi ń tọ́ka sí fífẹ̀: B ni ó wọ́pọ̀ fún obìnrin, D fún ọkùnrin. Títí di òní, kò sí ìsọ̀ tí mo wọ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n ti bi mí léèrè lẹ́tà. Nọ́ńbà tí mo ń wọ̀ ní ọmọdébìnrin ni wọ́n rò pé n óò máa wọ̀ títí láé, bẹ́ẹ̀ oyún níní nìkan tó láti mú kí ẹsẹ̀ obìnrin gùn sí i, kí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀.

Nígbà tí dókítà gbà mí níyànjú pé kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, mo wá kánfáàsì dé ọjà méjì àti ìsọ̀ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mi fẹ̀ níwájú, gìgísẹ̀ mi sì tín-ín-rín. Bàtà tí ó bá gba iwájú ẹsẹ̀ mi, gìgísẹ̀ mi a máa yọ jáde nínú rẹ̀ bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀. Èyí tí ó bá di gìgísẹ̀ mi mú, a fún àwọn ọmọ ìka mi pọ̀ bí ẹni di ẹ̀kọ. Èyí tí ó dára jù tí mo rí jẹ́ òkìríkà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti tẹ ìrìn tirẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ọmọkùnrin tí ń ta ọjà ní ìsọ̀ kan fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò là.” Mo ní bí kò bá là ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ mà ṣàánú mi, mà. Bí wọ́n ṣe kó o wá nìyẹn. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é.”

Ìdáhùn yìí yẹ fún àròjinlẹ̀, nítorí kì í ṣe irọ́. Òun kọ́ ni ó gbẹ́ igi náà. Ẹni tí ó kó ọjà náà wọlé kò gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò mọ̀ pé mo wà láyé. Báyìí ni ẹ̀bi ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi padà dé orí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni kò sì rí ẹni tí yóò tì í sí. Síbẹ̀, ó yẹ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀: ohun tí ènìyàn kò lè yí padà, àti ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọmọkùnrin náà kò lè yí bàtà padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà “yóò là” jẹ́ tirẹ̀. Awọ lè fẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bàtà tí í gùn sí i. Bí ó bá sọ fún mi pé, “Mọ́mì, èyí kò bá ẹsẹ̀ yín mu, n kò sì ní òmíràn,” yóò pàdánù owó ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò ní jẹ gbèsè òtítọ́. Mo mọ̀ pé owó ọjọ́ kan kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ń san owó ìsọ̀. Ìdí nìyí tí òtítọ́ fi jẹ́ ìwà, tí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Àwọn kan yóò ní kí obìnrin mú sùúrù, nítorí sùúrù ni baba ìwà. N kò bá baba ìwà jà. Ṣùgbọ́n ohun tí àkókò lè tún ṣe ni a ń mú sùúrù fún. Àkókò kì í tún bàtà tí ó fún ṣe. Ẹsẹ̀ ni ó ń yí padà. Eegun ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò a yọ síta, àwọn ọmọ ìka a ká kò, èékánná a dúdú. Nígbà tí ó bá yá, bàtà kò ní ta á mọ́, a ó sì yin obìnrin náà pé ó ní ìfaradà. Sùúrù tí ó fi ohun tí kò tọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, tí ó wá tẹ ènìyàn ba láti bá a mu, orúkọ mìíràn ni ó yẹ kí á sọ ọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ìyá wa kò wọ bàtà rárá, wọ́n sì rìn dé oko àti ọjà. Wọn yóò sì rántí Abebe Bikila ará Ethiopia, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lásán borí nínú eré ọ̀nà jíjìn ní Róòmù ní ọdún 1960. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàtà tí ó bá a mu ni kò rí, ni ó fi bọ́ ọ sílẹ̀. Ní Tókíò ní 1964, ó wọ bàtà, ó sì tún borí. Ẹsẹ̀ lásán sàn ju bàtà burúkú lọ, ṣùgbọ́n orí ọ̀dà àti àfọ́kù ìgò kọ́ ni àwọn ìyá wa rìn.

Ibi tí òwe wa ti kùnà pátápátá ni ọ̀dọ̀ ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Àrùn yìí lè pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀, tí bàtà yóò máa bó o, tí yóò máa dá egbò sí i lára, tí onítọ̀hún kò ní mọ̀ títí egbò yóò fi kẹ̀. Àwọn kan ti pàdánù ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wọ bàtà wá di ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti ń ta á! Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí aláìsàn bá pariwo nìkan ni ẹlòmíràn jẹ ẹ́ ní gbèsè, a kò jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkankan. Ta ni yóò gba èyí? Ní èrò tèmi, obìnrin tí a ti fi ìfaradà tọ́ láti kékeré sún mọ́ ipò yìí: ìmọ̀lára rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọ pé kí ó má kà á sí. Nítorí náà, gbèsè ẹni tí ń ṣe bàtà àti ẹni tí ń tà á kò dúró de igbe ẹni tí ń wọ̀ ọ́.

Ẹ wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré 100 mítà tí a ń fò kọjá igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sá rí. Àwọn ènìyàn ṣe àkíyèsí pé bàtà àwọn asáré ọ̀nà jíjìn ni ó wọ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ti dun òun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun sì ti béèrè bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é fún òun. Ó béèrè, wọ́n gbọ́. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi tún lọ sọ́dọ̀ ọmọdébìnrin ilé-ìwé girama tí ń fi bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sáré, tí ó fi aṣọ há iwájú rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Ó ha yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ jẹ́ akọni àgbáyé kí bàtà tó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu?

Ohun tí mo ń béèrè kò kọjá agbára wa. Àwọn aránbàtà wa ti máa ń ní kí oníbàárà tẹ ẹsẹ̀ lé bébà, wọn a sì fi bírò fà á yí ká. Ẹ jẹ́ kí á mú irú bébà bẹ́ẹ̀ lọ sí ìsọ̀, kí á gé e, kí á tẹ́ ẹ sínú kánfáàsì. Bí ó bá ká kò, kí á dá bàtà padà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí á lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí á wọ̀n, kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ sì kù níwájú ọmọ ìka tí ó gùn jù. Kí ẹni tí ń tajà jẹ́ kí obìnrin rìn lọ rìn bọ̀ láìkanra. Kí ẹni tí ń kó ọjà wọlé béèrè fífẹ̀ bí ó ti ń béèrè gígùn. Bí ọ̀pọ̀ bá ń kọ èyí tí kò bá wọn mu, ìròyìn yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbẹ́ igi.

Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún fi òwe bàtà pa obìnrin kan lẹ́nu mọ́ nínú ìpàdé, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú wa dìde béèrè pé, “Ta ni ó ṣe bàtà náà?” Ọlọ́run ni ó dá ẹsẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe bàtà, ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá sì ṣe, ọwọ́ ènìyàn lè tún un ṣe.