Má Jókòó Lókèèrè



Ní orí 21 ìwé Gẹ́nẹ́sísì ni a ti kà nípa Hágárì ní aginjù. Nígbà tí omi tán, ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ igi kékeré kan, ó sì lọ jókòó lókèèrè, kí ó má bàa fi ojú ara rẹ̀ rí ikú ọmọ náà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ náà gan-an ni ó lé e jìnnà. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọkàn Hágárì? Àdúrà wa ojoojúmọ́ ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: kí Ọlọ́run tó là á lójú láti rí kànga, ó ti kọ́kọ́ pàṣẹ fún un pé kí ó dìde, kí ó sì di ọmọ náà mú. Ọwọ́ ìyá ṣáájú omi. Iṣmaeli yè, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń yè, síbẹ̀ àṣẹ náà kò yí padà.

Nígbà tí oníṣègùn bá wí pé jẹjẹrẹ ọmọ kan kò gbóògùn mọ́, ìtọ́jú kò tíì parí. Ní ọdún 1982, Arábìnrin Frances Dominica ti Ìjọ Áńgílíkà dá Helen House sílẹ̀ ní Oxford, kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn òbí tí ń tọ́jú wọn nílé lè rí ìsinmi. Ní 1993, Dókítà Anne Merriman dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní Kampala, láti máa tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn pẹ̀lú mọ́fíìnì olómi. Ẹ má bẹ̀rù oògùn yìí. Bí oníṣègùn bá wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí ara ọmọ ti mọ, tí a sì ń lò ó lákòókò rẹ̀, ìrora ni ó ń dẹ̀. Kì í gé ẹ̀mí kúrú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa yí ọmọ náà padà lórí ibùsùn, kí ara rẹ̀ má bàa bó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tútù pa á létè. Bí ó bá bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ má purọ́ fún un. Ẹ má lé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ jìnnà sí i.

Àwa ìjọ ńkọ́? Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ àbíkú, àwọn mìíràn a ní ìgbàgbọ́ òbí ni kò tó. Èmi pẹ̀lú ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, nítorí n kò mọ ohun tí n ó wí. Ará, kò sí ọ̀rọ̀ tí a ń wá lẹ́nu wa. Gbé oúnjẹ lọ. Bá wọn ṣọ́ ọmọ ní òru kan, kí ìyá lè sùn.

Kí Olúwa, ẹni tí ó gbé àwọn ọmọdé sí apá rẹ̀, kí ó fún wa ní ọkàn láti súnmọ́ wọn. Àmín.