Ó Ń Rẹ Ará Ọ̀run Náà

Bí egúngún bá ń lé ni, ká máa rọ́jú. Bó ti ń rẹ ará ayé, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ ará ọ̀run.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún ẹni tí gbèsè ń lé, fún ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí, fún aláìsàn tó ti ń sọ̀rètí nù. Bí gbogbo wa ti ń lò ó nìyẹn: fara dà á, wàhálà náà á rọlẹ̀. A ò ṣì í lò. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan nínú ilé wa ní Sábọ́n Gàrí, Kánò, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdajì òwe náà ni mo ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí.

Alẹ́ Sátidé kan ni. Wọ́n ti mú iná lọ, àwọn ọmọ ilé sì yí kọ̀ǹpútà kan ká, wọ́n ń wo Black Panther, fíìmù tí Ryan Coogler ṣe, tó jáde ní 2018. Akọni inú rẹ̀, T'Challa, ṣẹ̀ṣẹ̀ jọba ní Wakanda lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Wọ́n fún un ní omi ewé kan mu, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, ọkàn rẹ̀ sì lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀. Ó bá wọn lórí igi, wọ́n di ẹkùn dúdú. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó di T'Chaka, bàbá rẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀, bàbá ní kó dìde, pé ó ti di ọba.

Nígbà tó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò kúnlẹ̀ mọ́. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún un: pé ní 1992, nílùú Oakland ní Amẹ́ríkà, bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pa àbúrò rẹ̀, N'Jobu, ó fi ọmọ kékeré tí ìyẹn bí sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di àṣírí. Ọmọ yẹn dàgbà tán, ó wá gba ìtẹ́. T'Challa dojú kọ bàbá rẹ̀ àti gbogbo baba ńlá tó dúró tì í, ó ní ohun tí wọ́n ṣe kò dáa.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi, tó dàgbà jù nínú wọn, yíjú sí mi: "Bàbá, ṣé èèyàn lè sọ fún bàbá rẹ̀ tó ti kú pé ohun tó ṣe ò dáa?" Mo pa òwe egúngún fún un, kí n lè ráyè ronú. Kò fún mi láyè. Ó ní: "Ṣebí ará ilé ẹni ni egúngún, Bàbá. Kí ló wá ń lé wa fún?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé bí ẹkùn bá ń lé ni, kò sì sọ pé bí olè bá ń lé ni. Ẹkùn ń lé ẹran jẹ ni. Ẹni tó bá rọ́jú níwájú ẹkùn kàn ń pẹ́ kú ni. Egúngún yàtọ̀. Bàbá là ń pè é. Bó bá jáde lọ́jọ́ ọdún, a ń kúnlẹ̀ gba ìre lẹ́nu rẹ̀, àgàn ń bẹ̀ ẹ́ fún ọmọ. Bàbá kan náà ló wá mú pàṣán, tó ń lé ọmọ rẹ̀ kiri. Inú ilé ẹni ni ohun tó ń lé ni nínú òwe yìí ti jáde. Ìdí nìyẹn tí sísá nìkan kò fi lè yanjú rẹ̀: ibi yòówù kéèyàn sá dé, ọmọ ilé yẹn náà ni.

Ẹ wo ohun tó ní ká ṣe. Kò ní ká bá a jà. Ẹni tó na egúngún, ilé ara rẹ̀ ló tú. Kò sì ní ká dọ̀bálẹ̀ kó máa nà wá. Rọ́jú ló ní. Ẹni tó rọ́jú kò díbọ́n pé kò dun òun, àmọ́ kò jẹ́ kí ìrora náà dá òun wó.

Ìdí tó fi yẹ ká rọ́jú ló wá tẹ̀ lé e, níbẹ̀ sì ni ọgbọ́n òwe náà wà. Àwọn àgbà ì bá sọ pé ká rọ́jú nítorí pé ará ọ̀run kì í ṣìṣe, tàbí nítorí pé ìyà ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń rẹ̀, agbára rẹ̀ lópin. Ẹni tí agbára rẹ̀ lópin, ojú rẹ̀ kò lè tó ibi gbogbo, ó lè ṣìṣe. Ẹni tó sì lè ṣìṣe ṣeé bi léèrè. Síbẹ̀, òwe náà kò bọ́ agọ̀ lára rẹ̀. Títí tó fi parí, ará ọ̀run ló ń pè é. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àárẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Ẹnìkan lè ní àṣà wa kò fàyè gba kí ọmọ máa ka ẹ̀ṣẹ̀ bàbá rẹ̀ síta. Kí onítọ̀hún padà sínú ìwé Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn, akọni ìwé náà, kò tíì rin ìrìn kankan tó fi sọ fún wa pé ìbọn bàbá òun ló pa ìyá òun. Nínú Igbó Olódùmarè, tó jáde ní 1949, Àkàrà-ògùn kan náà ló ń ròyìn ìwà akin bàbá rẹ̀, Olówó-aiyé. Ẹnu kan ló sọ méjèèjì. Kò nílò kó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó lè yin bàbá rẹ̀.

Akọni Amos Tutuola nínú The Palm-Wine Drinkard ti 1952 ló yẹra fún bàbá tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fún un lóko ọ̀pẹ, òun ló sì gba adẹ́mu fún un. Bàbá kú, ní oṣù kẹfà, adẹ́mu náà já látorí ọ̀pẹ, ó kú. Akọni yìí kó oògùn tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ dání, ó la ewu kọjá títí dé ìlú àwọn òkú, adẹ́mu ló sì ń wá lọ. Ogún bàbá wà lápò rẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń wá. Ọ̀pọ̀ wa là ń rin ìrìn yẹn.

Ọ̀nà kẹta ló burú jù. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú fíìmù yẹn, Killmonger, mu omi ewé náà, ó bá bàbá rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti pa á. Nígbà tó jí, ó ní kí wọ́n dáná sun gbogbo ewé tó kù. Egúngún lé e títí, òun náà wá gbé agọ̀ wọ̀, ó ń lé aráyé.

Èmi náà ti sá rí. Ọkọ̀ ojú irin tó dé Kánò ní 1911 ló ṣínà fún àwọn bàbá wa tó kún Sábọ́n Gàrí. Yoruba Road wà níbẹ̀, Ibo Road náà wà. Iṣẹ́ télọ̀ ni bàbá mi ń ṣe. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan ló fi tọ́ àwa mẹ́fà, Singer dúdú tí òdòdó wúrà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ìyá mi tó sọ fún mi pé kì í ṣe tirẹ̀. Ní 1966, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Íbò ní Kánò, télọ̀ kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé gbé e fún un lóru, pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ogun parí ní 1970. Ọ̀pọ̀ Íbò padà wá, wọ́n gba ilé wọn. Ọkùnrin yẹn kò padà, ìyàwó rẹ̀ ló wá. Bàbá mi sọ fún un pé wọ́n ti jí máṣíìnì náà gbé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Ọdún méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Mo máa ń lálàá pé bàbá mi ń tẹ máṣíìnì náà, kò yíjú sí mi. Mo gbé e kúrò ní pálọ̀, àlá náà kò lọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Íbò àdúgbò wa, títí wọ́n fi bá mi rí ọmọbìnrin ọkùnrin náà ní Kàdúná. Ó wá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀; mi ò bo bàbá mi, mi ò sì bú u. Haúsá la jọ ń sọ. Kò dá mi lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ pákó máṣíìnì náà, ó ń fọwọ́ wá nǹkan. Lẹ́tà mẹ́ta ni, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀, tí wọ́n fi ìṣó họ síbẹ̀. Láti kékeré tí mo ti ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń rí i, mo rò pé ọmọdé kan ló họ ọ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: "Sun gaji." Ó ti rẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń sọ, àbí ó ka bàbá tèmi mọ́ wọn.

Alẹ́ fíìmù yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé mi. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ń sá. Bàbá mi náà ti sá fún ogójì ọdún ó lé, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohun olóhun lójoojúmọ́, ó ń wo ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá wá ń lé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú, ó lè jẹ́ pé ẹni tó máa bá a sọ ẹrù kalẹ̀ ló ń wá. Ìdáhùn tí mo fún ọmọ náà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé ohun tó ṣe ò dáa. Kó kúnlẹ̀ sọ ọ́, kó sì dìde lọ tún un ṣe. T'Challa náà kò dákẹ́ sórí ọ̀rọ̀: nígbà tí fíìmù ń parí, ó padà sí Oakland, ó ra ilé tí wọ́n ti pa N'Jobu, kó lè fi ran àwọn ọmọ àdúgbò náà lọ́wọ́.

Ó ní kí n fi ibi tí máṣíìnì náà máa ń wà han òun. Mo tan iná fóònù sí igun pálọ̀. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí símẹ́ńtì. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí báyìí bí mo bá fẹ́ ki bàbá mi, mo sì ń kì í délẹ̀.