Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Kò Jìnnà Sílé

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ òwe náà di àwáwí. À ń tọ́jú owó ìrìn-àjò òkè òkun, ìlú tí kò ju wákàtí méjì lọ sí ẹnu ọ̀nà wa sì di ibi tí a kàn ń gbà kọjá. Jíjìnnà inú òwe yẹn, ojú ni mo gbà pé ó ń bá wí ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ wò. Ẹni tó ń sáré yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju kòtò àti tírélà lọ. Ẹni tó bá kó ẹbí sọ́kọ̀, tó sì mọ bí a ti ń ṣe é, kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò ni ìrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà ni fọkanáísà ń yẹ táyà wò, tí sípíà táyà àti jáàkì ń wọ bùùtù. Láàárọ̀, kí bẹ́líìtì de gbogbo èèyàn, títí kan ọmọ tó wà lẹ́yìn. Kí ìyá àgbà jókòó síwájú. Ọ̀wọ̀ ni, àmọ́ ọgbọ́n tún wà níbẹ̀: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọdé ni yóò ka orúkọ ìlú lára pátákó, ìyá àgbà ni yóò sọ ìtàn tí orúkọ náà rù.

Tí ẹ bá dé Aṣẹ́jirẹ, ẹ dúró. Kì í ṣe nítorí àwọn tó ń ta ẹja nìkan. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀, adágún náà sì ni ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ Ìbàdàn ti ń wá. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Ọmọ tó ń ṣí ẹ̀rọ nílé láràárọ̀ yẹ kó mọ ibi tí omi náà ti gbéra.

Ní Ìkirè, ẹ ra dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n fi ata àti iyọ̀ gún, tí wọ́n sì din nínú epo pupa. Bí ẹ ti ń jẹ ẹ́, kí ìyá àgbà na ọwọ́ sí ọ̀nà Àpòmù, kó sọ bí àríyànjiyàn lórí iye ataare ní ọjà ibẹ̀ ṣe di ogun tó fọ́ ìlú Òwu ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń jà lórí dòdò tó kù yóò gbọ́ ọ yé.

Ifẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ba ọjọ́ jẹ́. Wọ́n fẹ́ rí gbogbo nǹkan, wọn kì í sì í rí ọ̀kan. Ohun méjì tó: Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta gíga tó ju mítà márùn-ún lọ, tí ìṣó irin wà lára rẹ̀, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, nítòsí ààfin. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nílùú náà ṣàdédé kan àwọn orí tí wọ́n fi idẹ rọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa. Bí ọmọdé ò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọmọ tí kò dé Ifẹ̀ rí kò tilẹ̀ mọ bí oko baba tirẹ̀ ti tóbi tó.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó kọjá, kí ọkọ̀ ti kọjú sílé, torí òru kì í jẹ́ ká rí kòtò, bẹ́ẹ̀ ni oorun ń kun awakọ̀ tó ti rẹ̀. Bí ọmọ bá ń sunkún pé òun ò tíì rí ibì kan, ẹ má tìtorí rẹ̀ dúró. Ẹ ṣèlérí fún un, kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ, nítorí ọ̀nà náà kò gùn.