Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ní Alajue, l'Ẹ́dẹ, ìgbà tí èsì JAMB bá já ọmọ kulẹ̀ ni àgbà máa ń rántí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó ti pẹ́ jù. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù ló yẹ kí wọ́n ti pa òwe náà.

Ẹ wò wọ́n ní káfè: bàbá ń pàṣẹ, ọmọ ò gbin. "Kọ Ifẹ̀ sí àkọ́kọ́, ìṣègùn. Ìkejì ńkọ́? Ìṣègùn náà ni!" Bẹ́ẹ̀ ẹni tó gba 300 nínú 400 pàápàá lè má rí i wọ, yunifásítì tí èrò ìṣègùn rẹ̀ sì ti kún kì í sábà wo ẹni tó fi í ṣe ìkejì. Ọ̀nà méjì tí wọ́n kọ, ọ̀kan ni.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mìíràn kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìṣègùn n'Íbàdàn ní 1948, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn, torí 1957 ni UCH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ta ló bú wọn pé wọ́n yà lọ́nà?

Lónìí, ẹni tó wọlé tààrà láti girama máa lo ọdún mẹ́fà, bí ìyanṣẹ́lódì ò bá fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe JUPEB, ètò ìpìlẹ̀ ọlọ́dún kan tó ń ṣáájú yunifásítì, tó wá gba D.E. (Direct Entry) wọlé, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 200 level. Ọdún tó dà bíi pé ó ṣòfò, ó ti gbà á padà. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè o: gbogbo yunifásítì kọ́ ló ń gba JUPEB fún ìṣègùn.